Orúkọ Tó Wà Lókè Tèmi

Nílé tí wọ́n ti tọ́ Ìrẹ̀mídé, bí àlejò bá béèrè iye ọmọ tó wà nílé, ìyá rẹ̀ á ní Ọlọ́run ló mọye wọn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ kì í fi í dùn sí àwọn ìkànnì tó ń to búlọ́ọ̀gù nípò. Wọ́n á ka ẹni tó wọlé, wọ́n á ka ẹni tó jáde, wọ́n á wá gbé ẹnì kan sókè, wọ́n á ti ẹlòmíì sísàlẹ̀. Búlọ́ọ̀gù tirẹ̀, Oríkì Òwúrọ̀, kò ju oríkì ìdílé kan àti àdúrà kan lọ láràárọ̀, fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Láwùmí, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó bá a ṣí i, ti forúkọ rẹ̀ sí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ rí. Ibi tí wọ́n to orúkọ náà sí jìnnà débi pé Láwùmí ní kó kọ́kọ́ wá àga jókòó kí òun tó sọ ọ́. Ìrẹ̀mídé ní kó yọ òun kúrò níbẹ̀ kíákíá, òun kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń kà lọ́jà.

Àgbájọ Òǹkọ̀wé ló yí i lọ́kàn padà. Àkójọ àwọn búlọ́ọ̀gù tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ ni, ẹnì kan ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Agbówó. Kò ka àlejò ẹnikẹ́ni. Orúkọ ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi Oríkì Òwúrọ̀ sí ipò kẹfà láìjẹ́ pé ó béèrè. Kó tó pẹ́, ó di ìkarùn-ún, ó di ìkẹrin. Ìrẹ̀mídé dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bódìjà pé Olùgbéga ti rántí òun. Ìjọ ṣe àmín, ẹgbẹ́ akọrin gbé orin. Ó di ìkẹta, ó tún jẹ́rìí. Nígbà tó fi máa di ìkejì, àkójọ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó gbàdúrà àárọ̀.

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù lókè tirẹ̀: Ohùn Ẹyẹ. Ó ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan, ó rí àwòrán lékèélékèé lórí fẹ́ǹsì kan ní Akóbọ̀, ó pa á dé. Kí lèèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ẹyẹ ṣe? Ó gba ààwẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run mú ohun tó dí òun lọ́nà kúrò.

Nígbà tí ààwẹ̀ parí, ó ra ọsàn, ó wọ takisí lọ sí Agbówó. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú àkójọ náà, kó sì fọgbọ́n béèrè ohun tó kù tóun máa ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló bá nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́, Safiyyah lorúkọ rẹ̀, gúgúrú ló ń jẹ. Ó kúnlẹ̀ kí Ìrẹ̀mídé, ó gba ọsàn, ó tẹ́tí sí ọpẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí ọpẹ́ ṣe ń gùn lojú rẹ̀ ń yí padà.

"Ìgbéga wo nìyẹn, mọ́mì?"

Ìrẹ̀mídé ní láti ipò kẹfà dé ipò kejì. Safiyyah ní òun ò mọ iṣẹ́ ẹni tó dára ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ta lòun? Bí wọ́n ṣe ń pín ẹran nílé bàbá òun lòun ṣe tò wọ́n: ẹni tó bá ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló wà níwájú.

"Báwo ni mo ṣe wá kúrò ní ìkẹfà?"

Safiyyah gbé gúgúrú sílẹ̀. Ó ní ìyá tó ń kọ nípa aṣọ rírán ní Challenge kú nígbà òjò. Bàbá Luke, tó ń kọ nípa orin ìsìn ní Ring Road, tẹ̀lé e, àwọn méjì míì sì tún lọ. Bí ẹbí bá ti pe òun, òun á gbé orúkọ náà lọ sí ojú ìwé àwọn tó ti sùn, àwọn tó kù á sún síwájú.

"Mọ́mì, ẹ ò kúkú fi ìyẹn jẹ́rìí?"

Ìrẹ̀mídé béèrè ẹni tó ni Ohùn Ẹyẹ.

"Bàbá Adéróunmú. Ara wọn ò yá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ nǹkan."

Àdúrà tó gbà padà sí i létí, bó ṣe gbà á gẹ́lẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí ojú ìwé àwọn tó ti sùn. Ìyá aláṣọ kọ bí wọ́n ṣe ń rán bùbá fún ẹni tí èjìká rẹ̀ kan rẹlẹ̀, tí ojú ẹnikẹ́ni ò fi ní í tó o. Bàbá Luke kọ ìdí tí ìjọ àwọn fi máa ń fa orin àkọ́kọ́ gùn: arọ kan wà láàárín wọn, wọ́n ń dúró dè é kó dé àyè rẹ̀. Ó ṣí Ohùn Ẹyẹ. Wọ́n ti gé ọ̀pẹ kan lulẹ̀ ní Akóbọ̀. Àwọn ẹ̀ga padà dé nírọ̀lẹ́, wọ́n ń fò yípo inú afẹ́fẹ́ níbi tí imọ̀ ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pera wọn lórúkọ.

Irun orí Ìrẹ̀mídé dìde. Báyìí gan-an ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kì àwọn ará ilé láàárọ̀: àgbà ṣáájú, ọmọ tẹ̀lé e, ẹni tó wà nílé àti ẹni tó ti lọ, kò ka ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó sọnù. Oríkì ni àkójọ yìí láti ọjọ́ yìí wá, orúkọ ara rẹ̀ nìkan lòun ń wá nínú rẹ̀. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, Olúwa, má gbọ́ èyí tí mo gbà lánàá.

Safiyyah júwe ilé bàbá fún un, kẹ̀kẹ́ sì gbé e dé Akóbọ̀. Ìyàwó bàbá ló ṣílẹ̀kùn. Ìrẹ̀mídé béèrè oríkì bàbá lọ́wọ́ wọn kó tó wọlé. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ òtútù wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lò ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ṣé o wá wo àga ni?"

"Mo ti gba ààwẹ̀ lé e lórí, sà." Ojú ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá rín ẹ̀rín títí wọ́n fi wúkọ́. "Ó mú mi díẹ̀. Má bínú pé kò tíì mú mi tán."

Orí ìkúnlẹ̀ tí Ìrẹ̀mídé wà ló ti gbóhùn sókè kì wọ́n:

"Àlàó, a-jí-kí-lékèélékèé kó tó kí ará ilé,
Ọkùnrin tí ẹ̀ga ń bá sọ̀rọ̀ àṣírí,
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó ṣáájú wa,
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde."

Bàbá ní etí òun ṣì ń gbọ́ àwọn ẹyẹ dáadáa, ọwọ́ ni kò gbà mọ́. Bí òun bá fẹ́ tẹ lẹ́tà kan lórí fóònù, òmíràn ni ìka òun ń bọ́ sí.

Ẹyẹ kan ké nínú igi máńgòrò aládùúgbò. Bàbá gbórí sókè, wọ́n mi orí díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kí. Ìrẹ̀mídé mú fóònù rẹ̀ jáde, ó sún mọ́ orúnkún wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹyẹ yẹn wí fún mi, kí n bá yín kọ ọ́."