Fọ́tò Ayọ̀dèjì

"Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́ mú, bàbá. Ẹ bá mi kó wọn jáde."

Bọ́sẹ̀dé kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́. Láti Inísà ló ti gun ọ̀kadà wá sí Òkúkù. Bàbá Ọládélé, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, pa rédíò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìtùnú, jókòó ná."

Ìtùnú, ọmọkùnrin, ni ọmọ rẹ̀ kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá túfọ̀ Ayọ̀dèjì, àkọ́bí rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Dèjì mọ́. Ṣọ́jà ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n rán wọn lọ paná ogun ni wọ́n ti pa á. Àwọn ẹbí ló lọ sin ín, nítorí ìyá kì í mọ sàréè ọmọ. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni bàbá yìí kó àwọn obìnrin ilé wọ yàrá Dèjì. Wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó bàtà, wọ́n kó gbogbo fọ́tò, wọ́n sì pa ti inú fóònù ìyá rẹ̀ rẹ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe kí ojú abiyamọ má baà bọ́ sí i. Bọ́sẹ̀dé tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn.

"Iléèwé tí Dèjì lọ fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sára ògiri tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ wọn tó ti kú, kí wọ́n fi fọ́tò sí i," ló wí. "Èyí tí kíláàsì wọn jọ yà nìkan ni wọ́n rí, orí ẹlòmíì sì bo ojú ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń retí mi."

Bàbá Ọládélé ò gbójú sókè.

"A ti sun ún."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. A ní tó bá wà nílẹ̀, wàá wá a kàn lọ́jọ́ kan. Ire rẹ la rò."

Tó bá jẹ́ ìkà ni, Bọ́sẹ̀dé ì bá mọ èébú tí yóò bú u. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ṣe é lóore jà? Ó jókòó, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n túfọ̀ lọ.

"Mi ò rántí ojú ẹ̀ dáadáa mọ́, bàbá. Tí mo bá dijú, Ìtùnú ni mò ń rí."

"Wọ́n kúkú jọra," ni bàbá sọ wẹ́rẹ́. "Ní Ìkìrun tó ti ń kọ́ṣẹ́ yẹn, ní kí Ìtùnú wọ aṣọ ṣọ́jà, kó ya fọ́tò. Ta ló máa mọ̀?"

Bọ́sẹ̀dé rò ó. Ó rò ó dáadáa, kò sì tijú pé òun ń rò ó. Lẹ́yìn náà ló mi orí.

"Òun ló kù mí kù. Mi ò lè gbé e kọ́ sáàárín òkú."

Ní ẹ̀gbẹ́ títì, kó tó rí ọ̀kadà, ó pe Tíṣà Fọláfúnmi ní iléèwé.

"Màmá, ṣé ẹ ti rí fọ́tò náà?"

"Mi ò rí i. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ nìkan."

"Àyè fọ́tò ńkọ́, mà?"

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí àwọn ọmọ iléèwé bá bi yín bó ṣe rí, ẹ ní ìyá ẹ̀ náà ò mọ̀ mọ́."