Ẹni Tí Yóò Wá Dágbére

Safiyat Sàláwù fi ìka kan ti ìwé àdéhùn náà padà sọ́dọ̀ Ọláfúnkẹ́ lórí tábìlì. Ìgbà kẹta nìyẹn láti ìgbà tí àlejò rẹ̀ ti dé. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń tì í bí ẹni tó ń dá oúnjẹ tí kò béèrè padà.

"Mo ti ní rárá, ọmọ mi. Mu omi rẹ kó o máa lọ."

Ọláfúnkẹ́ mu omi náà. Kí ló tún kù? Oṣù mẹ́rin ló ti fi wá ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kiri, láti Ìmẹ̀kẹ̀ títí dé Ìbẹ̀rẹ̀kò yìí, àwọn ilé tí kò ní pátákó lẹ́nu géètì, nítorí pé àwọn ọmọ tó gbé òbí wọn síbẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ilé márùn-ún ti gbà kí wọ́n wá ṣe ìwádìí nípa bí àwọn àgbà ṣe ń ṣubú àti ohun tó ń fà á. Mẹ́fà ni ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Démọ́lá, ń fẹ́. Bí ẹnì kẹfà kò bá buwọ́ lùwé kó tó di aago mẹ́rin òní, wọn yóò kó gbogbo iṣẹ́ náà kúrò ní Àgbádárìgì, iṣẹ́ Ọláfúnkẹ́ yóò sì bá a lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ tíì dé ẹ̀fà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "a ò ní kọ orúkọ ilé yín síta. A ò ní kọ orúkọ ìyá tàbí bàbá kankan, nọ́ńbà la ó fi máa pè wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ò ní í..."

"Ṣé àwọn ọmọ ni mo ń sọ?"

Safiyat dìde. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kó tó sọ ilé bàbá rẹ̀ di ilé àwọn àgbà, ìrìn rẹ̀ sì fi í hàn: ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Ó fa kọ́tìnnì fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wá wò ó."

Lábẹ́ igi àgbọn tó wà nítòsí géètì, ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga oníke funfun. Ó ró àǹkárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó wé gèlè, ó lẹ àtíkè mọ́jú. Géètì ló kọjú sí.

"Ìyá Rewájú nìyẹn, ará Gbẹ̀rẹ̀fú. Rewájú ti sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé Kútọnu ni ìyá òun wà, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá síbí bó o ṣe wá yìí. Ìwádìí nípa ìrántí ni tiwọn. Gbogbo ọ̀sán Túsìdeè ni wọ́n ń wá bá ìyá sọ̀rọ̀. Kí lẹ jẹ lánàá? Ọmọ mélòó lẹ bí? Ìyá tí kì í la ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tó di ìkẹsàn-án, wọn ò wá mọ́. Wọn ò pè. Wọn ò dágbére." Ó fa kọ́tìnnì padà. "Òní ni Túsìdeè."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọláfúnkẹ́. Ní Èkìtì níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, àlejò tó bá jẹun tán tó kàn dìde lọ, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ìyá?"

"Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Èmi tí mo gbà wọ́n sílé."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́, mà."

Safiyat wò ó títí. "Bó o bá lè sọ ọ́, máa lọ."

Iyanrìn ilẹ̀ náà ń ta ẹsẹ̀. Ọláfúnkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá.

"Ẹ káàsán, mà."

"Mi kuabọ." Èdè Ògù ni ìyá fi kí i káàbọ̀, kó tó bọ́ sí Yorùbá. "Mo jẹ ẹ̀bà lánàá. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, ó ku mẹ́ta."

Àánú rẹ̀ ṣe Ọláfúnkẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ bírò rẹ̀ kó máa kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. "Màmá, èmi kọ́ ni wọ́n. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń retí, iṣẹ́ wọn ti parí. Wọn ò ní wá mọ́. Ẹ má bínú."

Ìyá ò yí ojú kúrò lára géètì. Ó rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án yẹn náà ni mo ti mọ̀. Ìyàwó apẹja ni mí, ọmọ mi. Ẹni tí ò ní í bọ̀, ara máa ń sọ fún wa."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń jókòó síbí?"

"Safiyat ni. Gbogbo Túsìdeè ló ń nu àga yìí, á gbé e wá síbí, á tún bá mi wé gèlè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún jù mí lọ. Bí mo bá ní n ò jókòó mọ́, á mọ̀ pé mo ti mọ̀, kò sì ní í dárí ji ara rẹ̀. Kí ló wà nínú ká jókòó lábẹ́ àgbọn?"

Wọn ò gbọ́ ẹsẹ̀ Safiyat tó fi dé ẹ̀yìn wọn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mà," ó sọ fún ìyá. "Kí lọmọ yìí sọ fún yín?"

"Ó ní àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun kí wa," ìyá dá a lóhùn. "Iṣẹ́ ló pè wọ́n lọ sí ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní ká má bínú."

Safiyat mí kanlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Ọláfúnkẹ́ pé kó fún òun ní bírò.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ọdún kan ni ìwádìí yín. Lọ́jọ́ tó bá parí, ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá jókòó síwájú ìyá, kó o dágbére. N ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣé wàá wá?"

Oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n gba Ọláfúnkẹ́ síṣẹ́ fún. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tilẹ̀ ti ń bá a wá iṣẹ́ tí yóò bọ́ sí lẹ́yìn náà ní Abẹ́òkúta. Bó bá sọ ọ́, ìwé yìí yóò tún padà sórí tábìlì. Aago mẹ́ta sì ti kọjá. Ó ń wo iyanrìn nílẹ̀.

"Màá wá, mà."

Safiyat buwọ́ lù ú. Ọláfúnkẹ́ ya fọ́tò ìwé náà, ó fi ránṣẹ́, Démọ́lá sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "O káre." Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí Safiyat wọlé lọ wá nǹkan tí àlejò yóò mú lọ, ìyá fi ọwọ́ pe Ọláfúnkẹ́ mọ́ra.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ní. "Ilẹ̀ lo wò."

Ọláfúnkẹ́ tún kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"N ò bá ọ jà. Iṣẹ́ oúnjẹ ni. Bó bá di ọjọ́ náà tí o ò lè wá, n ó sọ fún Safiyat pé o pè mí lórí fóònù. N ó ní o dágbére fún mi dáadáa, pé o sì kí òun náà. Kó má baà máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi."

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Ó wá ń sọ̀rọ̀ ní èdè Ògù, jẹ́jẹ́, fún ìgbà pípẹ́. Ọláfúnkẹ́ ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe àmín nígbà tí ìyá parí.

Ó gba àgbọn méjì tí Safiyat fún un, ó dúpẹ́, ó jáde. Ó ti rìn dé etí títì, ọlọ́kadà kan sì ti dúró tó ń bi í pé níbo, kó tó yé e pé ìdágbére ni ìyá ń ṣe nígbà tó gbé ọwọ́ lé e lórí.