Dosi Kì Í Ṣe Ìdòwú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù Mọ́tọ́lá ṣe tó, kó wá wo òun àti pírítà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wọn, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Bébà kan ṣoṣo ló fẹ́ kó jáde. Pírítà gbé mẹ́ta mì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n há a lọ́fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Mọ́tọ́lá fa bébà yọ ní wẹ́wẹ́, ó tún un tẹ̀, iná lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa tan jẹnẹrétọ̀, íǹkì òǹtẹ̀ ti gbẹ. Ọdún keje rèé tó ti ń tẹ ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì ìjọba kékeré tó kọjú sí ọ̀sà ní Àgbádárìgì yìí, kò tíì sí ọjọ́ tí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí.

Ohun tí kò jẹ́ kí inú bí i jù lọ́jọ́ náà ni ìyapíìsì kan tó fi pamọ́ sábẹ́ síkáàfù. Ẹgbẹ́ Atẹ́gùn Ọ̀sà ló ń gbọ́, àwọn olórin láti Ajárá nítòsí ibẹ̀ tó po jáàsì mọ́ rọ́ọ̀kì títí a kò fi mọ èyí tó jẹ́ omi, èyí tó jẹ́ gààrí mọ́. Gìtá wọn á máa ké, saksofóònù á máa dá a lóhùn, ṣùgbọ́n béèsì ni Mọ́tọ́lá fẹ́ràn. Béèsì yẹn kì í kánjú. Á jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù sáré lọ, òun á rọra máa bọ̀ lẹ́yìn, ẹ ó kàn ṣàdédé rí i pé òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Obìnrin ló ń ta á, Màmá Béèsì ni gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kó lọ sí Kútọnu. Lónìí, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ṣeré ní gbàgede etí ọ̀sà, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ sí ọ́fíìsì. Mọ́tọ́lá ti gbé bàtà tó máa fi jó wá láti ilé.

Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí obìnrin gíga kan wọlé, irun rẹ̀ ti funfun. Ó mú ìwé àṣẹ kan àti káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́.

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹni tó ń ṣọ́ gbàgede ní òun ò lè ṣí géètì fún wa. Ó ní orúkọ inú ìwé yìí kì í ṣe tèmi."

Mọ́tọ́lá wo káàdì: Dosi Hunsu. Ó wo ìwé: Ìdòwú Hunsu.

Ó rántí ìwé náà dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni fọ́ọ̀mù rẹ̀ dé orí tábìlì, "eré ìrọ̀lẹ́" nìkan ni wọ́n kọ sí i, wọn ò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ọmọ Àwórì ni Mọ́tọ́lá, ó gbọ́ Ègùn díẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá tẹ̀lé ìbejì ni àwọn Ègùn ń pè ní Dosi. Ṣebí Ìdòwú náà nìyẹn? Ó rò pé òun ń ṣe onítọ̀hún lóore ni, kí orúkọ rẹ̀ lè yé gbogbo èèyàn. Ó tẹ Ìdòwú síbẹ̀, ó tún yin ara rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú eré wo lẹ fẹ́ ṣe?"

"Orin ni. Atẹ́gùn Ọ̀sà. Èmi ni mò ń ta béèsì."

Béèsì obìnrin náà gan-an ló ṣì ń dún ní etí Mọ́tọ́lá. Ojú tì í débi pé ó yọ ìyapíìsì náà sápò.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, jáde láti yàrá inú, ó gba ìwé náà wò. "Màdáámù, orúkọ méjì lẹ fún wa. Ẹ lọ búra ní kóòtù, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ọ̀gá, aago márùn-ún òní ni eré wa. Òwúrọ̀ ọ̀la la máa padà sí Kútọnu."

Ọ̀gá yíjú sí Mọ́tọ́lá. "Àwọn èèyàn yìí, wọn kì í mọ orúkọ ara wọn."

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ Mọ́tọ́lá. Tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé Olúkáyọ̀dé, akẹgbẹ́ rẹ̀, kúrò ní ọ́fíìsì yìí lọ sí Iworo nítorí àṣìṣe tí kò tó èyí. Ẹ̀rù bà á gidi. Ṣùgbọ́n tó bá dákẹ́, Atẹ́gùn Ọ̀sà á padà lọ láìta okùn kan, òun ló sì máa fà á.

Ó fa dúrọ́ọ̀ ṣí. "Èmi ni, sà. Dosi ni màmá kọ. Èmi ni mo sọ ọ́ di Ìdòwú."

Ọ̀gá ka fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló ní kí o bá wọn túmọ̀ orúkọ?"

"Kò sẹ́ni, sà."

"Tún un tẹ̀. Lẹ́yìn náà, wàá fèsì kúẹ́rì mi kí o tó kúrò níbí lónìí. Ojú ìwé méjì, kò gbọdọ̀ dín."

Pírítà kò há rárá lọ́tẹ̀ yìí. Bóyá ẹ̀rù ọ̀gá ba òun náà. Dosi gba ìwé rẹ̀, ó ka orúkọ náà sókè, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí lorúkọ tìẹ?"

"Mọ́tọ́lá, mà. Ẹ má bínú."

"Mọ́tọ́lá," ni Dosi tún un pè, bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Ó sì lọ.

Ní aago márùn-ún, Mọ́tọ́lá kò tíì kọ ju "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n" lọ. Orin gba ojú fèrèsé wọlé. Dúrọ́ọ̀mù ti sáré lọ, gìtá ń ké tẹ̀lé e, béèsì sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀gá jókòó, ó ń retí èsì náà. Orin àkọ́kọ́ parí, Dosi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Èyí tó kàn yìí, ti ọmọ kan ní ọ́fíìsì ọ̀hún ni. Viyọ́n lorúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ní nǹkan míì, ṣùgbọ́n mo ti bá a túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn, kó lè yé yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín níta. Mọ́tọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá ṣeré. Viyọ́n dùn létí, "ọmọ dára" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ó dùn ún díẹ̀, nítorí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kan tó ń jẹ́ Viyọ́n, kì í sì í ṣe òun. Ó mú bírò, ó kọ gbólóhùn kan, ó gbé e fún ọ̀gá.

"Ojú ìwé méjì ni mo wí," ni ọ̀gá sọ.

"Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, sà."

Ọ̀gá kà á: Dosi kì í ṣe Ìdòwú. Ó wo ojú fèrèsé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ń lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì, bóyá òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀.

"Máa lọ," ló wí.

Mọ́tọ́lá sáré jáde lọ sí gbàgede. Abẹ́ tábìlì ni bàtà ijó tó gbàgbé wà títí di ọjọ́ Ajé.