Wàrà tí mo kọ̀ lójú àlá

Rónkẹ́, jọ̀ọ́, má fi mí rẹ́rìn-ín. Wàrà díndín ni mo jẹ sùn lálẹ́ àná, torí ó ti sú mi láti máa dáná fún èmi àti Tómi nìkan.

Mo wá lálàá pé Bàbá Tómi ti dé láti ìdálẹ̀. Orí omi wàrà funfun ló jókòó sí, kò sì rì. Ó pọn Tómi, irùngbọ̀n sì ti hù lágbọ̀n ọmọ náà. Ó na wàrà sí mi lẹ́nu, ó ní, "Ìyá Tómi, gbà jẹ."

O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé a kì í jẹun lójú àlá, kí ọ̀tá má baà fi nǹkan bọ́ wa. Mo pa ẹnu mi dé.

Ó wò mí títí. "Ṣé èmi náà lò ń sá fún?" Ló bá rìn lọ lórí omi yẹn, kò bojú wẹ̀yìn.

Mo jí, mo na ọwọ́ síbi tó máa ń sùn sí. Ìtọ̀ Tómi ni ọwọ́ mi bà. Oṣù kẹjọ tí bàbá rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀ rèé.

Mi ò mọ̀ bóyá wàrà ló fà á. Ṣùgbọ́n bí oníwàrà bá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lónìí, bá mi rà sí i. Bí Bàbá Tómi bá tún nà án sí mi, màá la ẹnu.