Ọkọ̀ Tí Ẹsẹ̀ Aránṣọ Kò Tó

Bí obìnrin aránṣọ kan bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé, á gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, ó di etí adágún. Èyí ni ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, rò tó fi ra káyáàkì fún un: ọkọ̀ oníke ẹlẹ́nìkan tí wọ́n ṣe fún ẹja pípa, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́ kí ọwọ́ lè ráyè.

Inú ìyàwó dùn títí ó fi jókòó sínú rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò kan pẹ́dà. Ó sún títí ìdí rẹ̀ fi kù díẹ̀ kó bọ́ lórí ìjókòó, ìka ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kàn án, ẹ̀yìn kò sì rí nǹkan fara tì mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

“Báwo ló ṣe rí?” ọkọ rẹ̀ pariwo láti etí omi.

“Ó dáa.”

“Ṣebí mo sọ fún ẹ!”

Ó tiraka dé ọ̀ọ́kán. Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, ọkọ̀ ń pòòyì. Ó ju ìwọ̀ sómi, àmọ́ ihò tí wọ́n ń ki ọ̀pá bọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Kó tó yíjú padà, ẹja ti jẹ ìdẹ lọ. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ìwọ̀ kọ́ ọ láṣọ.

“Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa!”

“Ẹsẹ̀ wo? Èmi tí mò ń wọn gbogbo ayé, ẹ ò lè wọn èmi nìkan!”

Ó fi tipátipá padà sí etí omi, aṣọ rẹ̀ ti rin fún omi. Àwọn tó tà á ní ìjókòó náà ṣeé sún, àmọ́ àwọn méjèèjì fà á títí, kò mira.

“Jẹ́ kí n wò ó,” ni ọkọ wí. Ó wọ inú ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ gígùn bíi ti lékeléke, ó bá pẹ́dà mu rẹ́gí.

Ìyàwó tẹjú mọ́ ọn. “Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ta ló jókòó sínú ẹ̀ dán an wò?”

Ọkọ wo omi. “Èmi náà ni.”

“Ó sì tẹ́ yín lọ́rùn.”

“Díẹ̀. Jẹ́ kí n kàn fi yí ká lẹ́ẹ̀kan.”

Ló bá wa ọkọ̀ lọ, tòun ti ọ̀pá, tòun ti ìdẹ. Ìyàwó ń kígbe pé kó gbé ẹrù òun sílẹ̀. Ọkọ rò pé ó ń kí òun ni, ó ń juwọ́. Obìnrin náà fún omi aṣọ rẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn, inú ń bí i débi pé kò lè sunkún.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ tó dé, láìmú ẹja kankan.

“Kì í ṣe ọkọ̀ burúkú o.”

“Ọjọ́ Ajé la ó dá a padà.”

Ọkọ gbé iwájú, ìyàwó gbé ẹ̀yìn, wọ́n gbé e délé.