Ẹyin Abẹ́ Ewé Máńgòrò

Ìyàwó tuntun gbálẹ̀ ní ìdájí, ó sì dáná sun ẹyin alángbá tí Ẹ̀yẹolúwa ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ẹyin mẹ́rin péré ni, bíńtín bí ẹ̀wà funfun, lábẹ́ ewé máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé Màmá Hajarat ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Alángbá tó yé wọn kì í ṣe irú èyí tó ń mirí lára ògiri. Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ilà dúdú fà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ojú dé ìrù, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé a fi òróró pa á. Ikán ló ń jẹ. Bí o bá dì í nírù mú, yóò fi ìrù sílẹ̀ fún ọ, yóò sì wọ abẹ́ ewé lọ. Ọjọ́ mélòó ni ẹyin rẹ̀ ń lò kí ọmọ tó jáde? Olùkọ́ Ẹ̀yẹolúwa ní yunifásítì kò mọ̀. Ó ní kó lọ wò ó wá. Ohun tó máa fi jáde ilé ìwé nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń wọkọ̀ láti Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, eruku lẹ́nu, oorun lójú. Màmá Hajarat sì ti jáwọ́ nínú gbígbá ẹ̀yìnkùlé nítorí rẹ̀.

"Màmá Hajarat, ṣé ọwọ́ rẹ ti rọ ni?" Àwọn ará ilé kejì kì í jẹ́ kó sinmi.

"Àlejò ló wà níbẹ̀," ni Màmá máa ń dá wọn lóhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, èéfín ni Ẹ̀yẹolúwa kọ́kọ́ rí. Ràmọ́tà, tí Hafeez ọmọ Màmá gbé wọlé lánàá, kúnlẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ẹ rọra, eérú ò tíì tutù."

"Ìyàwó wa, ta ló ní kẹ́ ẹ gbá ibí?"

"Háà! Ṣé wọ́n tún ń sọ fún ìyàwó pé kó gbálẹ̀ ni?"

Màmá jáde. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ sọ fún un, ojú tì mí. Ṣé kí n sọ fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ tó wọlé pé ká fi ìdọ̀tí sílẹ̀?"

Ẹ̀yẹolúwa fi igi tú eérú. Ó rí ẹyin mẹ́rin, ó la ọ̀kan. Ọmọ ti pé nínú rẹ̀. Ilà ti wà lára rẹ̀.

Kò sunkún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù. Ó tọrọ omi.

"Ìgbà wo ni wọ́n tún máa yé?" Ràmọ́tà béèrè jẹ́jẹ́.

"Òjò àmọ́dún."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ àgùnbánirọ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Òun wà ní Under G fún ọdún kan sí i, ó ń retí òjò.