Ọjọ́ Tí Mùyìbátù Kọ̀ fún Ẹgbẹ́ Onílẹ̀

"Ìyá Kàdírì, ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú wa lọ sí gàá lọ́jọ́ Jímọ̀," ni Alága Ọdẹ́wùmí wí fún Mùyìbátù. "Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn Fúlàní ibẹ̀ ti di ẹrù wọn."

Mùyìbátù wo yàrá ìpàdé. Ogójì àga ni wọ́n tò. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló jókòó. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Ẹgbẹ́ Onílẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tẹ̀dé, ojú fèrèsé làwọn mìíràn ń dúró sí. Ọdún náà ni màlúù jẹ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ run. Ẹgbẹ́ ní bí àjèjì bá ti lè kúrò, ìyà tán. Ó gbà wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi í ṣe olórí obìnrin. Wọ́n wọlé ìbò. Kańsẹ́lọ̀ wọn kó lọ sí Ìbàdàn. Màlúù ò yéé jẹ oko.

"Alága, màlúù ta ló jẹ oko mi?"

"Ti Fúlàní ni."

"Fúlàní wo? Àwọn tó ń da ẹran kọjá lẹ́ẹ̀rùn ni. Ọkọ Pẹ́ńdà, Fúlàní tó ń gbé gàá yìí gan-an, ló bá mi lé wọn, tí wọ́n ṣá a lápá. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀." Ọdẹ́wùmí rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹgbẹ́ sì ń kú lọ."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀, Ràmọ́nì, ní, "Fi ipò náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọn á pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀."

"Gbangba ni mo ti kígbe pé kí àjèjì kúrò. Gbangba náà ni mo ti máa kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Misturat onídìrí, dúró sẹ́nu ọ̀nà gàá. Ọdẹ́wùmí dé pẹ̀lú bí ogún ọkùnrin, àwọn kan mú kùmọ̀ dání.

"Ìyá Kàdírì, ẹ kúrò lọ́nà."

"N ò kúrò. Ẹ gbọ́ o! Èmi ni mo sọ fún yín pé àwọn ará ibí yìí ló ba oko wa jẹ́. Irọ́ ni. Tẹ̀dé níbí ni wọ́n bí Pẹ́ńdà sí. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó kọ́kọ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀."

Ẹnìkan bú u láti ẹ̀yìn. Bàbá àgbẹ̀ kan sọ kùmọ̀ rẹ̀ sínú igbó, ó yí padà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́wùmí ló lọ kẹ́yìn.

Nígbà tí ìbò dé, Ẹgbẹ́ Onílẹ̀ ò rí ibùdó ìdìbò kan ṣoṣo mú ní wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, màlúù tún jẹ ẹ̀gẹ́ Misturat.

Lọ́jọ́ Ajé, Mùyìbátù àti ọkọ Pẹ́ńdà wọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

"A wá béèrè ọ̀nà tí màlúù yóò máa gbà, tí kò ní kan oko ẹnikẹ́ni," ni Mùyìbátù wí.

"Ọ̀gá ò tíì dé," ni akọ̀wé dáhùn. "Ó lè pẹ́ o."

Mùyìbátù jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sún kí ọkọ Pẹ́ńdà lè ráàyè.

"A ó dúró dè wọ́n," ló wí.